Alùpùpù Oníbọ́tìnnì àti Ìbàdí Ìyá Mi

Mo ṣe ìlérí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kì í ka ìwé lálẹ́ ni n ó bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ mìíràn ti gba iwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni, ọ̀rọ̀ ìyá mi sì ni pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ń gbé ìyá tàbí aboyún tàbí agbọ̀n tòmátì sẹ́yìn alùpùpù, kí ó fara balẹ̀ kà á.

Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọn kò sanra. Bí ẹ bá gbé wọn, ẹ ó rò pé ọmọ ilé-ìwé ni ẹ gbé. Ìbàdí ni ó ń yọ wọ́n lẹ́nu, ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn níbi tí eegun ti parí. Àwọn oníṣègùn ní kí Ìyá máa wá sí Ìgbó-Ọrà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí wọ́n máa bá wọn na ẹ̀yìn náà, kí wọ́n sì máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn pẹ̀lú. Láti ilé wa ní Ayétẹ̀, Ìdèrè ni a ń gbà kọjá kí a tó dé Ìgbó-Ọrà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ìbàràpá kò ní í béèrè àlàyé lọ́wọ́ mi. Ibi tí ọ̀dà bá wà, ihò ti lu ú. Ibi tí ọ̀dà kò bá sí, yẹ̀pẹ̀ pupa náà ti ká bí páànù orí ilé, tí eyín ẹni yóò máa lu ara wọn. Ọkọ̀ èrò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àfi kí ó kún kí ó tó ṣí, ta ni yóò sì ní kí arúgbó jókòó ṣe ẹnì kẹrin lórí àga ènìyàn mẹ́ta? Nítorí náà orí alùpùpù mi ni mo fi ń gbé Ìyá lọ. Alùpùpù kékeré ni, ti ilẹ̀ Íńdíà, tí mo rà lọ́wọ́ ọlọ́kadà kan ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Nígbà tí ó ṣe, Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ara ti yá. "Àkànmú, má da ara rẹ láàmú mọ́, ìbàdí yẹn ti fi mí sílẹ̀." Inú mi dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì fi owó epo tí mo rí fi pamọ́ ra ìwé fún ọmọ mi. Oṣù mẹ́ta kọjá. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kan mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí Ìyá tí wọ́n ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń di ògiri mú bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Bí wọ́n ti gbọ́ ìró ilẹ̀kùn mi, wọ́n jáwọ́ lára ògiri, wọ́n nàró, wọ́n ní, "O jí bí?" Mo pe ìyàwó mi sí kọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ má bínú. Ìyá ní ìrora ìbàdí sàn fún àwọn ju ìrora orí alùpùpù yín lọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí dé egungun. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwà ọmọlúwàbí, ìyá tèmi ń purọ́ ìlera fún mi nítorí ìjókòó alùpùpù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó gun ẹ̀rọ kan wọ àgbàlá wa. Ilé iṣẹ́ wọn ń rán an lọ sí òkè òkun fún oṣù mẹ́ta, kò sì fẹ́ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní Èkó fún àwọn olè. Ó ní, "Àna mi, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Ẹ máa gùn ún dáadáa, kí bátìrì má baà kú." Ẹ̀rọ wo ni èyí! Bí ó ti dúró láàárín àwọn ewúrẹ́ wa, ó rí bí ẹfọ̀n. Àpótí irin mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lẹ́yìn ìjókòó. Ó ga débi pé bí mo bá gùn ún, ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ni ó ń kan ilẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é yóò wà nínú mi, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ bí ẹ bá kà á síwájú.

Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀, ìrìn àjò jíjìn ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, irú èyí tí Kúnlé Adéyanjú rìn ní 2022. Ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ni ọ̀gbẹ́ni náà. Ó gun alùpùpù kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, láti fi wá owó fún ìgbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. (Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ó dé ni òfin tí ó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èkó náà nìyẹn.) Àwọn mìíràn sì ti rin irú ìrìn àjò yìí láìsí bọ́tìnnì kankan. Ted Simon, ará Ìlú Ọba, gun Triumph kan kúrò nílé ní 1973, ó yí ayé po, kò sì padà délé títí di 1977.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lára ẹ̀rọ náà kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnì. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ni. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé tí ń ba aṣọ àwa olùkọ́ jẹ́ ni mo wí o. Ṣọ́ọ̀kì tí ó wà láàárín táyà àti ara ẹ̀rọ ni, èyí tí kì í jẹ́ kí gbogbo ihò ọ̀nà wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni. Ẹ jẹ́ kí n ṣe bí olùkọ́ díẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti sípíríńgì, irin tí a ká bí ejò. Òun ni òṣùká tí ó gba ẹrù sórí. Ṣùgbọ́n bí sípíríńgì bá dá wà, yóò máa fò sókè fò sódò bí ọmọdé lórí bẹ́ẹ̀dì, kò ní í mọ ìgbà tí yóò dákẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi epo sínú ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ro àmàlà, ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ti omorogùn jẹ́jẹ́ nínú ìkòkò, yóò lọ. Bí ẹ bá fẹ́ já a lójijì, àmàlà yóò dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni epo náà ṣe ń di sípíríńgì mú. Ihò kékeré kan wà tí epo ń gbà kọjá. Bí ihò náà bá fẹ̀, ìjókòó á rọ̀. Bí ó bá há, ìjókòó á le.

Ṣùgbọ́n ohun kan kù, òun sì ni ìdí ọ̀rọ̀ mi. Sípíríńgì kan náà ni yóò gbé ènìyàn kan lónìí, tí yóò gbé ènìyàn méjì àti àpò gàrí lọ́la. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún un, yóò wọlẹ̀ pátápátá, irin yóò sì máa lu irin. Nítorí náà wọ́n ṣe é kí a lè fún sípíríńgì náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ẹrù tó gun orí rẹ̀. Bí a bá fún un, ìdí alùpùpù á dúró sókè lábẹ́ ẹrù wúwo. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó fúyẹ́ bá lọ jókòó lórí sípíríńgì tí a ti fún pinpin, ìwúwo rẹ̀ kò tó láti tẹ̀ ẹ́. Yóò dà bí ẹni tí ó jókòó lórí àpáta. Gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ ojú ọ̀nà ni yóò máa bá ìdí rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Lára ẹ̀rọ tí àna mi gbé wá, bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì. Bí ẹ̀rọ bá dúró tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, tí mo sì tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwòrán akoto kan á yọ lójú gíláàsì. Ìyẹn ni pé èmi nìkan ni. Bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, akoto kan àti àpótí: èmi àti ẹrù. Bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, akoto méjì: èmi àti èrò. Mótò kékeré oníná kan á sì máa kùn lábẹ́ ìjókòó, á máa fún sípíríńgì, ẹ ó sì rí i tí ìdí ẹ̀rọ ń dìde díẹ̀díẹ̀ bí ràkúnmí. Bí mo bá wulẹ̀ fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì náà fẹ́rẹ́, àní nígbà tí mo ń lọ lójú ọ̀nà, ti epo ni yóò yí padà: rírọ̀, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tàbí líle. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe irú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, akoto wọ̀nyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1955 ni Citroën ní ilẹ̀ Faransé gbé ọkọ̀ DS jáde, tí ó dúró lórí epo àti afẹ́fẹ́ dípò sípíríńgì irin, tí ó sì ń gbé ara rẹ̀ dọ́gba bí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Ní 1974 ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Dean Karnopp, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé lórí bí a ti lè máa yí agbára ṣọ́ọ̀kì padà bí ọkọ̀ ti ń lọ, kí ara ọkọ̀ lè dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni pé a fi okùn so ó kọ́ ojú ọ̀run. Ó pẹ́ kí ó tó kan alùpùpù. Ní 2004 ni BMW ti ilẹ̀ Jámánì fi ti oníbọ́tìnnì sára K 1200 S. Ní 2010, Ducati ti ilẹ̀ Ítálì fi sára Multistrada. Nígbà tí ó fi máa di 2013, àwọn méjèèjì ti ní èyí tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń wo bí táyà ti ń lọ sókè sódò, tí ó sì ń yí ti epo padà fúnra rẹ̀ kí ẹni tó ṣẹ́jú. Ní 2021 Harley-Davidson ti Amẹ́ríkà gbé èyí tí ó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ó bá fẹ́ dúró jáde, kí ẹsẹ̀ ẹni kúkurú lè kan ilẹ̀. Èmi tí mo kúrú mọ iyì ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ mi kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ti ìṣáájú ni. Ohun tí a bá sọ fún un nìkan ni ó ń ṣe.

Ọjọ́ tí mo ní kí Ìyá gùn ún, gbogbo àdúgbò ni ó jáde. Ìyá kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. "Ṣé èmi ni n ó gun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí?" Ìyàwó mi gbé odó wá, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ṣadé di Ìyá mú lápá kan, èmi di ẹ̀rọ mú, Ìyá gun orí odó, wọ́n sì ti orí odó bọ́ sórí ìjókòó. Mo dé akoto fún wọn, mo fi ẹ̀yìn wọn ti àpótí irin, èmi náà gùn ún. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ kùn, ó ń dìde. Ìyá figbe ta, "Àkànmú! Ó ń gbé mi lọ sókè!" Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó dúró, Ìyá na ọrùn kọjá èjìká mi, wọ́n wo ojú gíláàsì, wọ́n ní, "Kí ni igbá méjì tí wọ́n dé síbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Èmi àti ẹ̀yin ni, Ìyá."

Mo fi ti epo sí rírọ̀, a sì bọ́ sọ́nà. Nígbà tí a dé ibi tí ilẹ̀ ti ká bí páànù, mo ń retí igbe. N kò gbọ́ nǹkan kan. A wọ ihò, a jáde. N kò gbọ́ nǹkan kan. Bí a ti ń wọ Ìdèrè, mo bi Ìyá pé ṣé kò sí nǹkan. Wọn kò dáhùn. Àyà mi já. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo bojú wẹ̀yìn. Oorun ni Ìyá ń sùn! Mo jí wọn, mo sì bá wọn wí, nítorí ẹni kì í sùn lórí alùpùpù. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, bí mo ti ń bá wọn wí ni omi ń lé sí mi lójú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a jọ ń jẹ àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ilasa, ọbẹ̀ tí àwọn ará Ìgbó-Ọrà máa ń sọ pé òun ni ó ń bí ìbejì fún àwọn. Ìyá dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Àkànmú, báwo ni ẹ̀rọ yẹn ṣe mọ̀ pé arúgbó ni ó wà lẹ́yìn òun?"

Mo ní, "Kò mọ̀, Ìyá. Èmi ni mo sọ fún un."

"Ìwọ ni o sọ fún un pé ẹni méjì ni wá, kí ó rọra?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Wọ́n gbé òkèlè mì. "Kí ló dé tí o kò sọ fún tìrẹ láti ọjọ́ yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní tèmi kò ní bọ́tìnnì. Ìyá kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni mo ṣe bá ẹ̀rọ náà gbé fún bí oṣù méjì. Ẹ ó fẹ́ mọ bí ó ti rí. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, bí ọmọdé tí a ra fèrè fún ni mo rí. Láti ilé dé ilé-ìwé, mo lè yí ti epo padà ní ìgbà mẹ́wàá. Líle ni mo fẹ́ràn, nítorí ó ń jẹ́ kí n rò pé ọmọ ogún ọdún ni mí. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti fi í sí rírọ̀, n kò sì tún rántí rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀nà tiwa, kí ni ènìyàn ń fi líle ṣe? Ti ẹrù ni mo ń yí lójoojúmọ́: akoto kan bí mo bá ń dá lọ sí ilé-ìwé, akoto àti àpótí bí mo bá ń bá ìyàwó mi kó gàrí lọ sí ọjà, akoto méjì bí Ìyá bá ń lọ sí Ìgbó-Ọrà. Ìyá kò pa ọjọ́ kan jẹ mọ́. Àwọn oníṣègùn ní ẹ̀yìn náà ti ń nà.

Òjò wá dé. Ní ọjọ́ kan tí mo gbé Ìyá padà láti Ìgbó-Ọrà nínú òjò ńlá, mo fẹ́ dá ẹ̀rọ náà padà sí akoto kan. Mo tẹ bọ́tìnnì. Kò kùn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Iná ìkìlọ̀ kan tàn lójú gíláàsì, akoto méjì sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ó kọ́ ilé. Ìdí ẹ̀rọ wà lókè kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ẹ rántí pé ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ni ó ń kan ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí ó ku díẹ̀ kí ó kàn án. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ ọgbà ilé-ìwé bí àwọn ọmọ ti tò fún àdúrà. Mo fẹ́ dúró, mo na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò bá ilẹ̀. Èmi àti ẹ̀rọ rọra dojú bolẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé, bí ìgbà tí igi ọ̀pẹ bá ń wó. Kò sí ibi kankan tí ó bó lára mi àfi iyì mi. Títí di òní, bí mo bá wọ kíláàsì, ọmọ kan á máa fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa ní Ayétẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti rí i tí ó tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ǹtì tí ó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí ṣọ́ọ̀kì, ó fi ọwọ́ wá a yíká. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ó ní, "Tíṣà, kò sí ibi tí sípánà ń wọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ pàtàkì jù lọ tí mo gbọ́ lórí ẹ̀rọ náà. A fi fóònù pe àwọn tí ń tún irú rẹ̀ ṣe ní Èkó. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí a pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn náà tòun ti mótò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dárúkọ owó rẹ̀, ó tó ra alùpùpù Íńdíà tuntun kan. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo da tapólì bo ẹ̀rọ náà, mo sì ń dúró de onínǹkan.

Nígbà tí àna mi dé, mo dọ̀bálẹ̀, mo rò fún un. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ìyàwó rẹ̀ tí ó bá a wá lára dáadáa, akoto méjì náà sì bá àwọn méjèèjì mu rẹ́gí, ni wọ́n bá gùn ún lọ sí Èkó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó pè mí pé omi ni ó wọ ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, tí ó sì dípẹtà. Wọ́n fọ̀ ọ́, ó sì ń kùn bí ti tẹ́lẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀kì tí kò jẹ́ kí n sùn, ìdọ̀tí ni!

Ṣùgbọ́n ìbéèrè Ìyá kò kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ, mo gbé alùpùpù kékeré tèmi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì yẹn kan náà. Mo ní kí ó bá mi wo ìdí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ tí a lè fi fún sípíríńgì tàbí kí a fi tú u. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá òòrùn ń ràn lọ́sàn-án. "Tíṣà, òrùka wà níbẹ̀ nísinsìnyí." Ó bu pẹtiróòlù sínú agolo, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹrẹ̀ ọdún mẹ́fà kúrò. Òrùka náà yọ lóòótọ́, wọ́n gé etí rẹ̀ ní ipele ipele bí àtẹ̀gùn, ipele márùn-ún. Tí apá òsì wà ní ipele karùn-ún, èyí tí ó le jù. Tí apá ọ̀tún wà ní ìkẹta. Ṣọ́ọ̀kì apá ọ̀tún náà sì ti tu gbogbo epo rẹ̀ dà nù, kò ku nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi ìpata.

Mo bi í pé ta ni ó fún un tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́kadà tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Èrò mẹ́ta àti àpò láfún ni wọ́n ń gbé. Gbogbo wọn ni ó ń fún un dé òpin, lẹ́yìn ìyẹn ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án mọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, fún ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi gbé ìyá mi tí ó fúyẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé lórí sípíríńgì tí a fún de èrò mẹ́ta àti àpò láfún.

A pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Owó rẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹbí kan tí mo rà ní ọdún tí ó kọjá tí n kò sì tíì wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mẹkáníìkì náà fi sípánà ẹlẹ́nu kọ́ hàn mí, bí a ti ń yí òrùka. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é nílé. Ẹ kọ́kọ́ gbé alùpùpù sórí sítáńdì àárín, kí ẹrù má sí lórí rẹ̀. Ẹ fọ òrùka náà kí ẹ tó yí i, nítorí iyanrìn ni ó ń jẹ ipele rẹ̀. Apá òsì àti apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ wà ní ipele kan náà. Bí wọn kò bá bára dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò máa ṣiṣẹ́ fún méjì. Kì í ṣe gbogbo alùpùpù ni ó ní òrùka yìí, ṣùgbọ́n ó wà lára púpọ̀ nínú wọn, lábẹ́ ẹrẹ̀. Kí ẹ sì wo táyà pẹ̀lú, nítorí àwọn tí ń fún wa ní afẹ́fẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà fẹ́ràn kí táyà le bí òkúta. Lára tèmi, ipele kìíní ni mo fi ń dá lọ sí ilé-ìwé, ìkejì ni ti èmi àti Ìyá, ìkẹrin ni ti gàrí. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tòmátì àti ẹyin, ẹ bi ọlọ́kadà yín léèrè ipele tí tirẹ̀ wà. Bí ó bá ní òun kò mọ̀, ẹ ti mọ ohun tí ó ń fọ́ ẹyin yín.

Ọjọ́ tí èmi àti Ìyá tún jáde lórí alùpùpù kékeré náà, ìyàwó mi ti gbé odó wá láì rántí pé kò sí ohun tí a fẹ́ fi í ṣe. Ìyá fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gùn ún fúnra wọn. Wọn kò sùn lọ́nà. Níbi tí ilẹ̀ ti ká bí páànù, mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a dé Ìgbó-Ọrà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, mo dúró, mo ń wo ojú wọn. Wọ́n tún ìró wọn ró. Wọ́n ní, "Kò tó ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ. Ṣùgbọ́n n ó máa wá."

Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì, ti ìkọ̀wé, kọ ipele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára ògiri níbi tí mo ń gbé alùpùpù sí, kí n má baà gbàgbé. Ṣadé ti mọ̀ ọ́n yí. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí ó bá ṣáájú ọjọ́ Ìgbó-Ọrà, Ìyá á rìn kọjá níwájú ògiri náà, láì di nǹkan kan mú, wọ́n á sì bi ọmọ náà pé, "Ṣé ẹ ti sọ fún un?"